Ohun Tí Ìtọ̀ Mọ̀ Nípa Ọkàn

Òórùn kan wà tí gbogbo ọmọ etí ọ̀sà mọ̀. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àwọ̀n ní Ìjẹdẹ, létí ọ̀sà Èkó, kì í ní in. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí àtẹ di ọwọ́ ọ̀sán, kí ìyá ẹlẹ́ja máa wọ́n omi sí i, kó máa lé eṣinṣin, òórùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà tó mojú ọjà á gbé ẹja súnmọ́ imú, á rọra dá a padà, á ní, "Ìyá, ẹja yín yìí ti fẹ́ máa rà o." Ìyá á fi Ọlọ́run búra pé ìdájí òní ni ọkọ̀ gbé e gúnlẹ̀. Owó ni wọ́n máa fi parí àríyànjiyàn yẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan tí imú oníbàárà gbọ́ ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà: trimethylamine ni wọ́n ń pè é.

Ara ẹja òkun ló ti ń wá jù. Omi iyọ̀ a máa fa omi kúrò lára ohun abẹ̀mí, nítorí náà ẹja òkun a máa tọ́jú nǹkan kan sára tí kò ní jẹ́ kí iyọ̀ gbẹ ẹ́. TMAO ni wọ́n gé orúkọ nǹkan náà kúrú sí. TMAO fúnra rẹ̀ ò ní òórùn. Ìgbà tí ẹja bá kú, tí bakitéríà bá débẹ̀, ni wọ́n á sọ ọ́ di trimethylamine, tí imú á wá gbọ́. Ìdí kan nìyẹn tí òórùn Titus àti pánlá fi yàtọ̀ sí ti èpìyà inú odò: ẹja odò kò ní TMAO tó ti òkun. Omi ọ̀sà ní tirẹ̀ ò dúró sójú kan, iyọ̀ rẹ̀ a pọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, òjò a sì fọ̀ ọ́ dànù.

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹja títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo gbé e wá nítorí pé nǹkan tó wà lórí àtẹ yẹn wà nínú ìtọ̀ èmi náà, ó wà nínú tiyín, àwọn dókítà ọkàn sì ti ń jiyàn lé e lórí láti 2011. Àwọn kan nínú wọn gbà pé lọ́jọ́ iwájú a ó lè fi ìtọ̀ inú ike kan mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nínú ewu, yálà ọmọ ọdún 25 ni tàbí ẹni 75. Mo rò pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo sì rò pé bí wọ́n bá gbé òǹkà tí wọ́n ṣe nílùú mìíràn wá sí Ìjẹdẹ láìbéèrè ohun tí a jẹ, ọjọ́ orí wa àti ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, irọ́ ni òǹkà náà máa pa fún wa.

Ṣùgbọ́n kí ló da ìtọ̀ pọ̀ mọ́ ọkàn ná?

Àyẹ̀wò ìtọ̀ kì í ṣe àjèjì nílé wa. Kí láàbù tó dé, àgbàlagbà tó bá rí i pé èèrà ń ṣù bo ibi tí ẹnì kan tọ̀ sí ti mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ náà pọ́n, àgbo ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa wá lọ. Ọmọkùnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá ni wọ́n máa ní ó ń ṣe é. Ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìjẹdẹ lónìí, aláboyún tó bá lọ gba káàdì mọ̀ pé òun máa gba ike kékeré kan, òun á wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, òun á sì gbé e padà wá fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n á ri bébà pélébé kan bọ̀ ọ́, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á kọ nǹkan sínú káàdì. Bí ẹ bá bi obìnrin náà pé kí ni wọ́n ń wá, ó lè ní ṣúgà ni, ó lè ní kíndìnrín ni. Ọkàn ò ní sí nínú ìdáhùn rẹ̀. Ní tirẹ̀, àyà ni wọ́n ti ń gbọ́ ti ọkàn, kì í ṣe nísàlẹ̀ ikùn.

Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ti bíi lítà ẹ̀jẹ̀ 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bíi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló ń lọ sí kíndìnrín méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tóbi ju ìkúùkù lọ. Nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, nǹkan kéékèèké tó tó mílíọ̀nù kan wà tí wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti rí apẹja rí ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú àwọ̀n ló ń pinnu ẹja tó máa há àti èyí tó máa yọ́ kọjá. Omi, iyọ̀, ṣúgà, àtàwọn èérún oúnjẹ tí ara ti lò tán, gbogbo wọn ló ń gba ojú àwọ̀n kọjá. Purotéènì kan tó ń jẹ́ albumin ni ẹja ńlá tí kò gbọ́dọ̀ lọ. Bíi lítà 180 ló ń gba inú àwọ̀n yìí kọjá lójúmọ́. Ara á fà á padà, á sì ṣẹ́ ku lítà kan tàbí méjì tí a ó tọ̀ dànù.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tínńtínńtín ni wọ́n fi hun àwọ̀n náà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń lù ú lọ́dọọdún, tí ṣúgà sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, albumin á sì máa yọ́ jáde. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọkàn àti èyí tó wà nínú ọpọlọ kò sí lókè òkun. Ohun tó ń lu ti kíndìnrín ló ń lu tiwọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ọkàn fara pamọ́ sínú àyà, ti kíndìnrín sì ń fi ẹ̀rí ránṣẹ́ síta nígbàkígbà tí a bá ti tọ̀.

Richard Bright, dókítà ní Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fura sí i tipẹ́. Ìwé tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí jáde ní 1827, lórí àwọn aláìsàn tí ara wọn wú. Ṣíbí kan àti iná àbẹ́là ni láàbù rẹ̀: á bu ìtọ̀ sínú ṣíbí, á gbé e lé iná, bó bá dì funfun, ó mọ̀ pé albumin wà níbẹ̀. Ní 1836 ó to ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jọ, àwọn tó kú tí wọ́n sì la òkú wọn wò, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkàn rẹ̀ ti tóbi kọjá bó ṣe yẹ láìsí pé ìlẹ̀kùn inú ọkàn náà bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo wa mọ̀ lónìí kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Inú ṣíbí ni ọkùnrin yẹn ti rí i.

Ó gba ọdún tó ju 150 lọ kí ẹnì kan tó gbé irú ìbéèrè yẹn lọ bá ìlú odindi. Ní Groningen, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ní 1997 àti 1998, wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ará ìlú tó wà láàárín ọdún 28 sí 75 pé kí wọ́n fi ìtọ̀ òwúrọ̀ ránṣẹ́ nínú ìgò kékeré. Àwọn tó ju 40,000 lọ ló dáhùn. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2002, ó hàn pé bí albumin inú ìtọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ikú àìsàn ọkàn ń pọ̀ sí i. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ewu náà ti ń gòkè láti ìwọ̀n tó kéré gan-an, tí bébà pélébé tí nọ́ọ̀sì ń rì bọ ìtọ̀ kò lè rí rárá.

Albumin kan ṣoṣo nìyẹn. Ní 2013, David Wishart àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà to àkójọ gbogbo nǹkan kéékèèké tí èèyàn lè rí nínú ìtọ̀ ọmọ aráyé. Iye tí wọ́n kà jẹ́ 3,079. Mẹtabóláìtì ni wọ́n ń pè wọ́n: ohun tí ara fi sílẹ̀ nígbà tó ń lo oúnjẹ, ohun tí bakitéríà inú ìfun ń ṣe, ìyókù oògùn, ìyókù kọfí, ìyókù àgbo. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kà wọ́n ni pé wọ́n á ki ìtọ̀ bọ inú ẹ̀rọ tó ní mágínẹ́ẹ̀tì ńlá, ọ̀pọ̀ mẹtabóláìtì á sì dáhùn, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn ò nílò abẹ́rẹ́, wọn ò nílò ẹ̀jẹ̀. Ohun tó mú ìtọ̀ wù wọ́n nìyẹn: ọmọ ìkókó lè fún wọn, arúgbó tí iṣan apá rẹ̀ ò ṣeé rí mọ́ náà lè fún wọn.

Iṣẹ́ tó gbé ọ̀nà yìí jáde síta jù ni èyí tí Elaine Holmes, Jeremy Nicholson, Paul Elliott, Jeremiah Stamler àtàwọn mìíràn kọ sínú Nature ní 2008. Wọ́n gba ìtọ̀ wákàtí 24, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́wọ́ èèyàn 4,630 láti China, Japan, Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní alanine púpọ̀ nínú ìtọ̀. Àwọn tí tiwọn lọ sílẹ̀ sì ní formate àti hippurate púpọ̀. Hippurate yìí yẹ kó dá wa dúró díẹ̀. Inú ẹ̀fọ́, èso àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bakitéríà inú ìfun á fọ́ wọn, ẹ̀dọ̀ á parí iṣẹ́, kíndìnrín á dà á síta. Ẹni tí hippurate pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí ẹ̀fọ́ kì í wọ́n lórí tábìlì rẹ̀, tí inú ìfun rẹ̀ náà sì lálàáfíà.

Ìwádìí SIREN tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, ka àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù déédéé mọ́ ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ láàárín wa. Wọn ò wá hippurate, ìbéèrè ẹnu ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí èmi bá ní owó ìwádìí, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀: kí n mọ̀ bóyá ìtọ̀ àwọn tó sọ pé àwọn ń jẹ ẹ̀fọ́ jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń dáhùn bí dókítà bá béèrè ohun tí a jẹ lánàá.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí TMAO, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti lè dójú ti ẹni tó bá kánjú. Ní 2011, Stanley Hazen àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé TMAO inú ẹ̀jẹ̀ ń bá àìsàn ọkàn rìn. Àlàyé wọn ni pé ẹyin, ẹran àti irú wọn ní nǹkan tí bakitéríà inú ìfun ń sọ di trimethylamine, òun náà tí imú ń gbọ́ lára ẹja. Ẹ̀dọ̀ á gbà á, á sọ ọ́ di TMAO. Eku tí wọ́n sì fi nǹkan wọ̀nyí bọ́, ọ̀rá dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2013 wọ́n tún gbé èsì èèyàn 4,007 jáde, tí wọ́n tọpa wọn fún ọdún mẹ́ta: àwọn tí TMAO wọn ga jù, ewu ikú, ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ lára wọn fi bíi ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ju ti àwọn tí tiwọn kéré jù lọ.

Ìròyìn yẹn tàn. Ṣùgbọ́n ní 1999, kí ariwo náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti fún ọkùnrin mẹ́fà ní oúnjẹ 46 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọn ìtọ̀ wọn. Ẹja àtàwọn ohun jíjẹ inú òkun nìkan ló gbé trimethylamine àti TMAO inú ìtọ̀ sókè gidi. Ẹran àti ẹyin ò ṣe nǹkan kan tó tó bẹ́ẹ̀. Kò sì sí dókítà ọkàn tó máa sọ fún yín pé kí ẹ má jẹ ẹja.

Ẹ wá fojú inú wo onímọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Ìjẹdẹ pẹ̀lú òǹkà tó ti ṣe láàárín àwọn tó ń jẹ ẹran màlúù. Màmá kan tó fi pánlá se ọbẹ̀ lálẹ́ àná gbé ìtọ̀ wá láàárọ̀. Ẹ̀rọ á kígbe. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ ẹyin díndín àti kọndú ní ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ ò ní sọ nǹkan kan. Ta ni ewu wà lórí rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ìtọ̀ yẹn ò lè dáhùn, nítorí pé oúnjẹ àná ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ sì tún wà: ìgbà tí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, kò lè da TMAO nù mọ́ bó ṣe ń dà á nù tẹ́lẹ̀, yóò sì máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún ń gòkè bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Nítorí náà, ẹni tí tirẹ̀ ga lè jẹ́ ẹni tó jẹ ẹja, tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí ẹni tó kàn dàgbà.

Lórí ọjọ́ orí gan-an, èrò kan wà nílé tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, pé ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ohun tí àgbà máa ń mú wá, gẹ́gẹ́ bí ewú. Ìtọ̀ wà lára ohun tó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1988, ìwádìí INTERSALT gba ìtọ̀ wákàtí 24 lọ́wọ́ èèyàn 10,079, ọmọ ọdún 20 sí 59, ní ibùdó 52 ní orílẹ̀-èdè 32, wọ́n sì wọn iyọ̀ inú rẹ̀. Àwọn Yanomami inú igbó Brazil wà lára wọn. Iyọ̀ inú ìtọ̀ wọn kò tó nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà wọn kò sì ga ju ti ọ̀dọ́ wọn lọ. Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí àwọn ará Ìbàdàn wà lára wọn, fi àwọn tó ti orírun kan náà wá wé ara wọn: ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní erékùṣù Kàríbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ibi tí wọ́n ń gbé ló yàtọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe darí gbé ìròyìn tirẹ̀ jáde fún gbogbo Nàìjíríà: ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí 160/95 ṣì ni ààlà tí wọ́n ń lò. Olóògbé náà, tó kú ní 2020, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín ò ṣeé yà nípa.

Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà SIREN: nínú àwọn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú, 515 ni kò tíì pé ẹni ọdún 50. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ìwé atọ́nà ewu ọkàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣe ní 2019, láti ẹni ọdún 40 sí 74 ló mọ̀. Ọmọ ọdún 33 tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà, tó ń mu ọtí gbígbóná kí òtútù má bàa mú un, kò sí ìlà fún un nínú ìwé yẹn. Ìdí rèé tí inú mi fi dùn sí ohun tí Ẹgbẹ́ Ọkàn ti Amẹ́ríkà ṣe ní 2023. Wọ́n gbé ìṣirò tuntun kan jáde, PREVENT ni wọ́n sọ ọ́, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn tó ju mílíọ̀nù 6 lọ ṣe. Ẹni ọdún 30 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé 79, wọ́n yọ ẹ̀yà èèyàn kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún albumin inú ìtọ̀.

Ọjọ́ orí náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Nítorí pé ẹni tó mu omi púpọ̀ á tọ ìtọ̀ tó là, láàbù kì í ka albumin nìkan. Wọ́n máa ń pín in pẹ̀lú nǹkan mìíràn tó ń jẹ́ creatinine, tó ń ti inú ẹran ara wá. Bí albumin bá tó 30 mílígíráàmù sí gíráàmù creatinine kan, wọ́n á ní kí ẹ fura. Ṣùgbọ́n awaiyanrìn tí apá rẹ̀ le ní creatinine púpọ̀, ìpín rẹ̀ á wálẹ̀. Ìyá àgbà tí ara rẹ̀ ti fọn, creatinine rẹ̀ kéré, ìpín rẹ̀ á gòkè. Albumin tó ń jò lára àwọn méjèèjì lè dọ́gba, kí ìwé sì sọ pé ọ̀kan ń ṣàìsàn, èkejì ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtọ̀ ka ewu ọkàn láti ìgbà èwe dé ìgbà ogbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó yanjú ìyẹn. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, kò sì dùn ún kọ sínú ìwé ìròyìn.

Ohun kan tún kù tó kan ọmọ Yorùbá tààrà. Lẹ́yìn 2000, àwọn ará Ìbàdàn kan fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí jíìnì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní HapMap. Nígbà tó di 2010, ara ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé oríṣi jíìnì APOL1 kan, tí wọ́n pè ní G1, wà ní bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà jíìnì náà láàárín Yorùbá. Wọn ò rí i lára àwọn ará Yúróòpù, China tàbí Japan. Ó dà bíi pé ó dé ọ̀dọ̀ wa nítorí pé APOL1 ń gba ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Gbèsè rẹ̀ ni pé ó ń ba àwọ̀n kíndìnrín jẹ́. Ní 2024, Rasheed Gbadegesin ti Yunifásítì Duke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì àwọn tó ju 8,000 lọ ní Nàìjíríà àti Gánà jáde: bíi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀dà méjì nínú àwọn oríṣi APOL1 tó léwu, bíi 43 ló ní ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn nìkan sì tó láti mú kí ewu àìsàn kíndìnrín gòkè. Ohun tó túmọ̀ sí fún wa ni pé albumin tó yọ́ jáde ní Groningen àti èyí tó yọ́ jáde ní Ìjẹdẹ lè má jẹ́ ẹ̀rí nǹkan kan náà. Níbẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ ọkàn ló ń kígbe. Níbí, ó lè jẹ́ pé jíìnì ti fa àwọ̀n náà ya, láìtíì sí ohunkóhun tó ṣe ọkàn.

Àwọn tó máa yanjú rẹ̀ nílò ìtọ̀ tiwa, wọ́n sì nílò láti tọ́jú rẹ̀. Mẹtabóláìtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bakitéríà á máa yí wọn padà láàárín wákàtí díẹ̀ nínú ooru, nítorí náà firísà tó tutù tó ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń kó wọn sí fún ọdún pípẹ́. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, tí agbára rẹ̀ sì tó mẹgawáàtì 1,320, wà nítòsí Ìjẹdẹ gan-an. Ẹni tó bá ń gbé lágbègbè yẹn á rẹ́rìn-ín bí ẹ bá bi í pé ṣé iná ò ní lọ mọ́ firísà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a dúró de ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì kí ìtọ̀ tó wúlò fún ọkàn ní Ìjẹdẹ. Èyí tí nọ́ọ̀sì ti ń gbà ní kílíníìkì aláboyún ti tó ṣiṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ń ka káàdì náà lẹ́yìn ìkómọ. Purotéènì inú ìtọ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún ni àmì àìsàn tó ń ṣáájú gìrì aláboyún, gbogbo nọ́ọ̀sì ló sì mọ̀ ọ́n bí ewu fún ìyá àti ọmọ. Ní 2007, wọ́n kó ìwádìí tó kan obìnrin tó ju mílíọ̀nù 3 lọ jọ nínú ìwé ìròyìn BMJ: ẹni tí àìsàn yìí ṣe rí nínú oyún, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e fi bíi ìlọ́po mẹ́rin ju ti ẹlòmíràn lọ, ti àìsàn ọkàn fi bíi ìlọ́po méjì. Obìnrin náà lè jẹ́ ọmọ ọdún 24. Wọ́n bí ọmọ, ara wálẹ̀, wọ́n dúpẹ́, káàdì wọ inú àpótí lọ tàbí kí ọmọ fi ṣeré. Nígbà tó bá pé ẹni ọdún 45, tí orí ń fọ́ ọ, tó lọ rí dókítà mìíràn lódìkejì ọ̀sà ní Ajah, kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá ara rẹ̀ wú nígbà oyún ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, òun náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Kó sì ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ òun wò fún albumin, kì í ṣe fún ṣúgà nìkan. Ìtọ̀ àkọ́tọ̀ òwúrọ̀ ló dáa jù. Kó má gbé e lọ lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe é, tàbí tó wà lójú nǹkan oṣù, tàbí tí ìtọ̀ ń ta á, tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, nítorí pé gbogbo ìyẹn ń mú purotéènì jáde fúngbà díẹ̀. Bí albumin bá fi hàn, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.